Ọwọ́ Ọ̀tún àti Ọwọ́ Òsì: Ọ̀rọ̀ Àsọyé lórí Ìtọ́jú Tí Wọ́n Ń Pè Ní DBT

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ jókòó sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn. Mo rí i pé àwọn kan ti ibi iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tààrà, ẹ ò tíì fojú kan oorun. Ẹ ṣé tí ẹ wá.

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe níhìn-ín ní London, ẹ̀ka ìlera ọpọlọ ni mo sì wà. Wọ́n ní kí n wá ṣàlàyé ìtọ́jú kan tí orúkọ rẹ̀ gùn, dialectical behavior therapy. DBT la máa ń pè é níbi iṣẹ́, òun náà ni n óò sì máa pè é títí n óò fi jókòó. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ẹ̀kọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìtọ́jú yìí. Kì í ṣe oògùn, kì í ṣe abẹ́rẹ́. Àwọn tí wọ́n dìídì ṣe é fún ni àwọn tí ìrora ọkàn máa ń bò mọ́lẹ̀ débi pé wọ́n ń ṣe ara wọn léṣe, tàbí kí wọ́n fẹ́ gbẹ̀mí ara wọn. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà wúwo. Ó sì wà nínú ilé àwọn kan lára àwa tí a jókòó síbí, torí náà n kò ní fi bò.

Ibi tí ìtọ́jú yìí ti ṣẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Marsha Linehan ló dá a sílẹ̀. Ìlú Tulsa ní ìpínlẹ̀ Oklahoma, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti bí i ní 1943. Ní ọdún 1961, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 17, wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú Hartford tí wọ́n ń pè ní Institute of Living. Ọmọ tó mọ̀wé, tó mọ dùùrù tẹ̀, ló wá di ẹni tí kò yéé ṣe ara rẹ̀ léṣe. Wọ́n fi í sí yàrá àdádó kó má bàa rí nǹkan kan tó máa fi pa ara rẹ̀ lára; ó ń fi orí gbá ògiri. Wọ́n fún un ní oògùn tó lágbára, wọ́n fi iná mànàmáná sí i lórí. Wọ́n ní schizophrenia ló ń ṣe é, ìyẹn àìsàn ọpọlọ tó lè mú kéèyàn máa gbọ́ ohùn tí kò sí. Ó lò ju ọdún méjì lọ níbẹ̀ kó tó jáde ní 1963. Òun fúnra rẹ̀ sọ nígbẹ̀yìn pé kì í ṣe schizophrenia ló ṣe òun, pé ohun tí wọ́n ń pè ní borderline personality disorder lónìí ni, ìyẹn àìsàn tí ìmọ̀lára èèyàn kì í fi dúró lójú kan.

Inú ilé ìwòsàn yẹn ló ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé bí òun bá lè jáde nínú ọ̀run àpáàdì yìí, òun á padà wá kó àwọn yòókù jáde. Ó kọjá sí Chicago, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án, ó ń lọ sílé ìwé lálẹ́ ní Loyola University. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní 1967, ó kúnlẹ̀ nínú ilé àdúrà kékeré kan, ó ń wo àgbélébùú. Ó ní ṣe ni gbogbo ibẹ̀ dédé mọ́lẹ̀. Ó sáré padà sí yàrá rẹ̀, ó sì sọ pé, “Mo fẹ́ràn ara mi.” Ó gboyè ọ̀mọ̀wé ní 1971, ó sì wá fìdí kalẹ̀ sí University of Washington ní Seattle, níbi tó ti ṣe iṣẹ́ tí ayé mọ̀ ọ́n sí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sọ ìtàn ara rẹ̀ ní gbangba. Aláìsàn kan ló mú un sọ ọ́. Obìnrin náà wo àwọn àpá tó ti ń parẹ́ lára rẹ̀, ó bi í pé ṣé ọ̀kan lára àwọn ni. Linehan ní ṣé ohun tó ń bèèrè ni pé ṣé òun náà ti jìyà rí. Obìnrin náà ní rárá o, pé ṣé ọ̀kan lára àwọn gan-an ni. Torí bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbogbo àwọn á nírètí. Ní oṣù kẹfà ọdún 2011, ní ẹni ọdún 68, Linehan padà sí ilé ìwòsàn Hartford kan náà, ó dìde níwájú èèyàn, ó sì sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ wò ó, ohun tí Linehan kọ́ nílé ìwé ni bí èèyàn ṣe ń yí ìwà padà. Òun ló kọ́kọ́ fi ń tọ́jú àwọn obìnrin tó ń wá ikú kiri. Àwọn obìnrin náà fárígá. Wọ́n ní, “Ohun tí ò ń sọ ni pé èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á.” Àwọn kan pariwo lé e lórí, àwọn kan gbé ẹnu dákẹ́, àwọn kan ò padà wá mọ́. Ló bá gba ọ̀nà kejì: ó ń tẹ́tí sí wọn, ó ń bá wọn kẹ́dùn, kò ní kí wọ́n yí nǹkan kan padà. Ìyẹn náà tún bí wọn nínú. “Ṣé bó o ṣe máa fi mí sílẹ̀ sínú iná yìí nìyẹn?” Wọn ò lè fara da kí èèyàn máa tì wọ́n, wọn ò sì lè fara da kí èèyàn máa wò wọ́n níran.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà dialectical ti wọlé. Ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ni: pé nǹkan méjì tó ń ta ko ara wọn lè jẹ́ òótọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, àti pé bí a bá gbá àwọn méjèèjì mú láìju ọ̀kan sílẹ̀, ohun tó dára ju méjèèjì lọ lè jáde. Èmi ò rò pé ó yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá. Tibi tire la dá ilé ayé. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún na ọmọ, a ó fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Òwe yẹn kò sọ pé kí á na ọmọ lónìí kí á tó wá fà á mọ́ra lọ́jọ́ mìíràn o. Ọwọ́ méjèèjì jọ wà lára ọmọ náà ni. Nínú DBT, a máa ń sọ fún aláìsàn pé: o ti ń sa gbogbo ipá rẹ, o sì ní láti sa ipá sí i. Gbogbo wàhálà tó bá ọ kọ́ lo fà, ìwọ náà lo sì máa tún un ṣe.

Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ kékeré kan tí mo lò nínú gbólóhùn yẹn: “sì.” Mi ò lo “ṣùgbọ́n.” Bí òbí bá ní, “Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́, ṣùgbọ́n o ní láti lọ sílé ìwé,” ohun tó ṣáájú “ṣùgbọ́n” ti dànù. Ọmọ ò gbọ́ ọ. Bó bá ní, “Mo mọ̀ pé ó ń dùn ọ́, ilé ìwé sì wà lọ́la, báwo la ṣe máa ṣe é?”, ọ̀rọ̀ méjèèjì dúró. Ẹ dán an wò nílé. Ó le ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Báwo ni ọkàn èèyàn ṣe ń di èyí tó ń gbóná báyìí? Linehan ní nǹkan méjì ló pàdé. Èkíní ni bí wọ́n ṣe bí i. Ọmọ kan wà, nǹkan tètè máa ń kan án lára. Bó bá kan án, ó máa ń wọ̀ ọ́ lára gan-an. Kì í sì í tètè tán. Linehan fi irú ẹni bẹ́ẹ̀ wé ẹni tí iná jó tí awọ ara rẹ̀ ti bó, tó jẹ́ pé ìfọwọ́kàn lásán ìrora ni. Èkejì ni ibi tó dàgbà sí, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń sọ fún un léraléra pé ohun tó ń ro ó kò ro ó.

Ẹ̀yin òbí, mi ò wá bá yín jà. Ìyá tó bí ọmọ mẹ́ta, tí “dákẹ́, kò tó nǹkan” ṣiṣẹ́ fún méjì nínú wọn, báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀kẹta ò ní awọ? Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò. “Kí lo rí tó o fi ń sunkún?” “Nígbà tí èmi wà lọ́jọ́ orí rẹ, mo ti ń pọnmi, mo ti ń dáná.” “Ọkùnrin kì í sunkún.” “Adùn ló ń pa ọ́.” Ìfẹ́ la fi ń sọ wọ́n, ká lè gbé ọmọ dìde. Etí ọmọ tí kò ní awọ ò gbọ́ ìfẹ́ níbẹ̀. Ohun tó gbọ́ ni pé òun ń purọ́. Yóò wá gbé ìrora náà ga títí ẹnì kan á fi gbà á gbọ́. Ọ̀kan tó máa ń dùn mí jù ni “ikú yá ju ẹ̀sín.” Mo mọ ibi tí àwọn àgbà ti ń pa òwe náà. Kí ọmọ ọdún 15 tí àwòrán rẹ̀ ti kárí kíláàsì má gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Bẹ́ẹ̀, èdè wa yìí kan náà ló mọ bí wọ́n ṣe ń kí ọgbẹ́ ju ọ̀pọ̀ èdè lọ. Ẹni tó fẹsẹ̀ kọ lójú ọ̀nà, a ó ní “pẹ̀lẹ́,” àwa kọ́ la gbé òkúta síbẹ̀. A ń kíni kú iṣẹ́, kú ìnáwó, kú ìrọ́jú, kú ìrìn. Kí ni gbogbo rẹ̀ ń sọ? Mo rí ibi tó o wà. Ohun tí DBT fi ń ṣí ilẹ̀kùn náà nìyẹn. “Pẹ̀lẹ́” kì í ṣe ìwé àdéhùn pé ohun tí ọmọ ṣe dára. Ó kàn ń sọ pé ìrora náà wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín ní ìtòsí. Mo ti po ìtàn èèyàn púpọ̀ pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má bàa dá ara rẹ̀ mọ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún 16. Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó ṣe ara rẹ̀ léṣe. Ìyá rẹ̀ ní, “Nítorí pé mo bá a wí lórí abọ́ àìfọ̀!” Nínú DBT, a kì í fi í sílẹ̀ báyẹn. A máa ń jókòó, a ó tú ọjọ́ náà palẹ̀ ní oríkèé-oríkèé bí ẹni ń ka ẹ̀wọ̀n. Ọjọ́bọ̀, kò sùn títí di aago mẹ́ta òru. Jímọ̀, kò jẹ oúnjẹ ọ̀sán. Nínú bọ́ọ̀sì, ó rí àwòrán ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí fóònù, gbogbo wọn wà níbẹ̀, òun nìkan ni wọn ò pè. Ó délé. Ìyá rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ wákàtí méjìlá bọ̀, ó rí abọ́, ó ní, “Ṣé ìwọ nìkan lò ń gbé ilé yìí ni?” Àbẹ̀kẹ́ ní ọ̀rọ̀ tó sọ sí òun lọ́kàn nígbà yẹn ni pé kò sẹ́ni tó fẹ́ òun níbì kankan. Àyà rẹ̀ gbóná, etí rẹ̀ ń hó. Ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn tó ṣe é, ara tù ú fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyá rẹ̀ rí i, ó sunkún, ó gbá a mọ́ra. Lẹ́yìn náà ni ìtìjú dé.

Ṣé ẹ rí i? Abọ́ kọ́. Oríkèé méje tàbí mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní ibi tí a ti lè já a. Oorun ńkọ́? Oúnjẹ ọ̀sán ńkọ́? Kí ló lè ṣe nínú bọ́ọ̀sì? Ohun kan sì wà níbẹ̀ tó ṣòro fún ìyá náà láti gbọ́: pé ìgbà tí ọmọ bá farapa nìkan ni ilé tó dákẹ́ tí wọ́n sì gbá a mọ́ra. A ò ní kó má gbá ọmọ mọ́ra mọ́ o. A ní kí gbígbá mọ́ra ṣáájú ọgbẹ́.

Àwọn ọgbọ́n tí a ń kọ́ èèyàn pín sí mẹ́rin: fífi ọkàn sí ohun tó ń lọ lọ́wọ́ láìdá a lẹ́jọ́, fífara da wàhálà láìdá kún un, kíkápá ìmọ̀lára, àti bíbá èèyàn lò. Kíláàsì ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, pẹ̀lú iṣẹ́ àmúrelé. Mi ò lè kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lónìí, ẹ jẹ́ kí n mú mélòó kan.

Ọ̀kan ni omi tútù. Bí ọkàn bá ti gbóná dé góńgó, ìmọ̀ràn ò wọlé mọ́, àlàyé ò wọlé. Ara la máa ń kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ẹ bu omi tútù sínú abọ́ ńlá, ẹ tẹ̀ ba, ẹ di èémí mú, ẹ ki ojú bọ inú omi náà fún bí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Ara èèyàn á ṣe bí ẹni pé ó ń wẹdò: ọkàn á rọra máa lù, ìgbóná á sì wálẹ̀. Kò ní yanjú ọ̀rọ̀ ọjọ́ ìbí. Ó máa fún Àbẹ̀kẹ́ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí orí rẹ̀ fi pé. Ẹni tó ní àrùn ọkàn, tàbí tí oúnjẹ jíjẹ ti di àìsàn sí lára, kó bi dókítà kó tó dán an wò.

Òmíràn ni ṣíṣe òdìkejì ohun tí ìmọ̀lára ń pàṣẹ. Ìbínú ò mọ̀ pé olúwa òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹ̀rù náà ò mọ̀, ìtìjú ò mọ̀. A máa kọ́kọ́ bi ara wa pé: ṣé ohun tó ṣẹlẹ̀ tó ohun tí mò ń rò? Bí ajá bá ń lé ọ lóòótọ́, sá! Bó bá jẹ́ pé ìtìjú ló ní kó o fara pa mọ́, tí o kò sì ṣe ohun tó burú, gbé orí sókè kó o bọ́ síta. Ìbànújẹ́ ní kó o dùbúlẹ̀. Dìde, wẹ̀, rìn dé ìsàlẹ̀ àdúgbò. Kì í ṣe dídíbọ́n. Bí ẹsẹ̀ bá ti ń lọ, ọkàn máa ń tẹ̀ lé e, kì í sì í ṣe lọ́jọ́ kan.

Èyí tó le jù lójú tèmi ni gbígba ohun tó ti ṣẹlẹ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Àwọn èèyàn máa ń rò pé a ní kí wọ́n gbà pé ó dára. Rárá. Bàbá tó fi ọmọ sílẹ̀ kò ṣe dáadáa, a kò sì ní sọ pé ó ṣe dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bá àná jà lójoojúmọ́, ìrora kan ló ní tẹ́lẹ̀, ìjà náà ló wá sọ ọ́ di ìyà. Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Kí ẹ jọ̀ọ́ má sọ òwe yìí fún ẹni tí ẹ ò tíì kí pẹ̀lẹ́.

Bí ìtọ́jú náà ṣe ń lọ rèé. Èèyàn á máa rí olùtọ́jú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, á máa lọ kíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, fún ọdún kan lọ́pọ̀ ìgbà. Ojoojúmọ́ ló máa kọ ọ́ sínú káàdì kékeré kan bí ọkàn rẹ̀ ṣe rí àti ọgbọ́n tó lò. Ó lè tẹ olùtọ́jú láago láàárín ọ̀sẹ̀, kó tó ṣe ara rẹ̀ léṣe. Bó bá ti ṣe é tán, ìpè yẹn á dúró fún wákàtí 24, àfi ohun tó bá kan ẹ̀mí. Ó máa ń dà bí ìkà lójú àwọn òbí. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé ìrànwọ́ yẹ kó wà níwájú ọgbẹ́, ẹ rántí Àbẹ̀kẹ́. Àwa olùtọ́jú náà máa ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti mú ara wa dúró, torí iṣẹ́ yìí máa ń tánni lókun. Fún àwọn ọ̀dọ́, òbí náà máa ń jókòó sí kíláàsì, kọ́ ohun kan náà, ṣe iṣẹ́ àmúrelé kan náà. Mo ti rí bàbá tó kọ́kọ́ jókòó pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù lọ́rùn bí ẹni tó fẹ́ tètè máa lọ, tó jẹ́ pé lọ́sẹ̀ kẹfà òun ló ń bèèrè ìwé iṣẹ́ àmúrelé.

Ṣé ó ń ṣiṣẹ́? Ìwádìí àkọ́kọ́ tí Linehan gbé jáde ní 1991 fi hàn pé àwọn tó gba DBT dín ṣíṣe ara wọn léṣe kù ju àwọn tó gba ìtọ́jú tó wà nígboro lọ. Ní 2006, ó fi í wé ìtọ́jú lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, àwọn tó gba DBT tó tún gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara wọn sì jẹ́ bí ìdajì ti àwọn yòókù. Ní 2018, ìwádìí kan lórí ọ̀dọ́ 173 tí ọjọ́ orí wọn bẹ̀rẹ̀ láti 12 dé 18 tún sọ ohun tó jọ ọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Nígbà tó pé ọdún kan, ìyàtọ̀ náà ti kéré. Mo sọ ìyẹn kí ẹ má bàa rò pé idán ni. Láti 2009 ni ìlànà ìtọ́jú àjọ NICE, tí àwa òṣìṣẹ́ ń tẹ̀ lé níhìn-ín, ti ní kí wọ́n ro DBT fún àwọn obìnrin tó ní borderline personality disorder tí wọ́n ń ṣe ara wọn léṣe léraléra.

Ẹnì kan ti bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé àdúrà ńkọ́. Ìtàn Linehan ti dáhùn: orí ìkúnlẹ̀ ni nǹkan ti yí padà fún un, ó sì tún lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà láti wá ìtọ́jú tó ṣeé fi kọ́ ẹlòmíràn. Ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì mú ọmọ lọ sọ́dọ̀ GP, dókítà àdúgbò yín.

Ẹ̀rù òfin náà wà lọ́kàn àwọn kan lára wa, mo mọ̀. Abala 327 nínú ìwé òfin ọ̀daràn tí wọ́n kọ fún wa nílé, ní Nàìjíríà, ní ẹ̀wọ̀n ọdún kan fún ẹni tó bá gbìyànjú láti gbẹ̀mí ara rẹ̀. Ọwọ́ òyìnbó la ti gba òfin yẹn, àwọn sì ti fagi lé tiwọn níhìn-ín láti 1961, ọdún kan náà tí wọ́n gbé Linehan wọ ilé ìwòsàn. Kò sí ọlọ́pàá tó máa fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan ọmọ yín ní London nítorí pé ó ní òun fẹ́ kú.

Ìbéèrè tó wọlé jù nínú àwọn ìwé pélébé tí ẹ kọ ni èyí: bí mo bá bi ọmọ mi nípa ikú, ṣé mi ò ní fi í sí i lọ́kàn ni? Rárá. Wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Bíbéèrè kì í gbin èrò náà síni lọ́kàn, ó máa ń mú kí ara tu ọ̀pọ̀ wọn. Ẹ má fi òwe yí i ká. Ẹ pa tẹlifíṣọ̀n, ẹ jókòó tì í, kí ẹ má dúró lé e lórí. Ẹ ní: “Pẹ̀lẹ́. Mo rí i pé nǹkan ń dùn ọ́. Ṣé o ti ń rò ó pé kó o pa ara rẹ?” Kí ẹ wá dákẹ́, kódà bó bá pẹ́. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má sunkún lé e lórí, ẹ má pe pásítọ̀ tàbí àlùfáà kó tó parí ọ̀rọ̀. Ẹ dúró tì í. Bí ewu bá wà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, 999 ni kí ẹ tẹ̀. Bó bá fẹ́ bá àjèjì sọ̀rọ̀, Samaritans wà lórí 116 123, tọ̀sántòru, ọ̀fẹ́ ni. Mo ti kọ nọ́ńbà náà sára pátákó yẹn, ẹ yà á sínú fóònù yín kí ẹ tó dìde.